Pápá Eré Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo: Lẹ́tà Ṣíṣí Láti Ilé-Ifẹ̀

Sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀ Àárín Gbùngbùn, Ifẹ̀ Ìlà-Oòrùn, Ifẹ̀ Àríwá àti Ifẹ̀ Gúúsù; sí àwọn aláṣẹ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀; sí àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun; sí ààfin Ọọ̀ni àti ààfin Ògúnsùà; àti sí gbogbo òbí tó ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́.

Eré ìdárayá wà lára àwọn ọ̀nà tí àwùjọ ń gbà tọ́ ọmọ, tí wọ́n ń gbà pín iyì, tí wọ́n sì fi ń mọ ẹni tí í ṣe tiwọn yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ́ àlejò. Kí rẹfirí tó fọn fèrè ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nílẹ̀: ta ló ni pápá, ọmọ ta ni wọ́n mú sínú ẹgbẹ́, ta ló ra aṣọ, ṣé obìnrin wà níbẹ̀, ọwọ́ ta ni owó tó ń wọlé ń bọ́ sí. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ tó yan eré ìdárayá láàyò kì í fi bẹ́ẹ̀ ka iye góòlù. Irú àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n ń tọpa. Ilé-Ifẹ̀ ní pápá, ó ní yunifásítì, ó ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́, ọ̀dọ́ sì pọ̀ níbẹ̀ bí yanrìn. Ọgbẹ́ àtijọ́ kan tún wà láàárín ìlú tí eré ìdárayá lè bá wọn wò bí wọ́n bá tò ó dáadáa. Bí wọn kò bá tò ó dáadáa, ó lè ṣí ọgbẹ́ náà. Orí èyí ni lẹ́tà yìí dúró lé: eré ìdárayá kò gbé ìwà kankan wá láti ọ̀run, ìwà tí àwọn tó ṣètò rẹ̀ bá fi kọ́ ọ ló ń hù.

Kí bọ́ọ̀lù tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni eré ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìjàkadì ni àwọn géńdé fi ń fi agbára hàn láì pa ara wọn lára. Bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kanlẹ̀, ó parí, ẹni tó dáni àti ẹni tí wọ́n dá á jọ padà sídìí ìlù. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ọ̀pẹ, ọ̀ta sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọn yóò fi dìde, ì báà jẹ́ pé ọ̀pẹ ló dàgbà jù. Ibẹ̀ nìkan ni ọmọdé ti lè bú àgbà tí kò ní di ẹjọ́. Eré fún àwùjọ ní àyè kékeré kan tí òfin ojoojúmọ́ ti dẹwọ́, tí òfin mìíràn sì gbapò rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó jinlẹ̀ jù wà ní Èjìgbò, nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà. Nígbà ọdún Òrìṣà Ògìyán, ìlú a pín sí apá méjì, Ìṣàlẹ̀ Òṣóòló àti Òkè Màpó, wọn a sì fi ọ̀pá na ara wọn ní gbangba. Ìjà náà ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní ibi tirẹ̀, ó sì ní ìgbà tó gbọ́dọ̀ tán. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlú padà di ọ̀kan, a sì gbà pé ó bù kún wọn. Ohun tí àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Norbert Elias, ọmọ Jámánì tó kọ́ni ní Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ghana ní Legon láàárín 1962 sí 1964, wá gbìyànjú láti ṣàlàyé. Nínú ìwé tí òun àti Eric Dunning jọ gbé jáde ní 1986, wọ́n ní bí àwùjọ bá ṣe ń kó ìbínú níjàánu tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń wá ibi tí ara ti lè gbóná láì sí òkú. Eré ìdárayá ni ibẹ̀. Kókó inú àlàyé náà ni òfin tó yí eré ká. Bí ọjọ́ bá kúrò, tí ibi tó yẹ bá kúrò, tí kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró, ohun tó kù jẹ́ ìjà gidi.

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, kíríkẹ́ẹ̀tì àti eré sísá ti ilé ẹ̀kọ́ bá àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba amúnisìn dé. Èrò tí wọ́n gbé wá ni ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: pé pápá ló ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń gbọ́ràn àti bí a ṣe ń pàṣẹ. Nígbà tí Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí dá Oduduwa College sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1932, irú ètò bẹ́ẹ̀ ti wà ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Èkó àti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n èrò amúnisìn náà kò dúró sójú kan. Ní 1938, Nnamdi Azikiwe dá ẹgbẹ́ eléré ìdárayá Zik's Athletic Club sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà ogun Hitler, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ rìn káàkiri Nàìjíríà, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ òmìnira fún àwọn tó wá wòran. Ohun tí òyìnbó fi kọ́ wọn ní ìgbọràn ni wọ́n fi kó èrò jọ láti béèrè ìjọba ara ẹni. Ní 1949, ẹgbẹ́ Nàìjíríà kan lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Tẹsílímì Balógun tí wọ́n ń pè ní "Thunder" wà lára wọn. Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn mọ ohun tí pápá lè sọ. Ní 1960, ọdún òmìnira, wọ́n ṣí Liberty Stadium ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963, tí gbogbo ayé gbọ́. Ìjọba tó fi ọmọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni ìjọba tó kọ́ pápá yẹn. Wọn kò rí i bí owó tí wọ́n fi ṣòfò.

Ìgbàgbọ́ tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn olóṣèlú ni pé eré ìdárayá ń so ènìyàn pọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní ìwọ̀n. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba àpapọ̀ dá ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀ sílẹ̀, èkíní rẹ̀ wáyé ní Èkó ní 1973, kí àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti yìnbọn sí ara wọn lè jọ sùn sí ibùdó kan. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, nígbà tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ góòlù méjì tí Múdà Láwàl sì fi ẹyọ kan kún un tí Nàìjíríà fi na Algeria 3 sí 0 nínú àṣekágbá ife Áfíríkà ní Súrùlérè, kò sí ẹni tó bèèrè ìlú ẹni tó jókòó tì í kó tó dì mọ́ ọn. Èyí ni Émile Durkheim, ará Faransé, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1912 nígbà tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀sìn: pé bí èrò bá péjọ síbì kan tí ọkàn wọn sì wà lórí ohun kan, ooru kan a máa ti ara wọn jáde tó ń mú kí olúkúlùkù gbàgbé ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìwádìí tí Emilio Depetris-Chauvin, Ruben Durante àti Filipe Campante gbé jáde ní 2020 fi ìwọ̀n sí i. Wọ́n wo èsì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, wọ́n fi àwọn tí wọ́n bi ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú tí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wọn borí wé àwọn tí wọ́n bi ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun, àwọn tó ń fi ẹ̀yà ṣáájú orílẹ̀-èdè dín kù gan-an, àwọn ènìyàn sì fọkàn tán ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n tún rí i pé àwọn orílẹ̀-èdè tó rá pálá wọ ìdíje ife Áfíríkà kò rí ìjà abẹ́lé tó àwọn tí ó fi díẹ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ní oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Ó ṣe pàtàkì pé ìṣẹ́gun ló mú un wá, ẹgbẹ́ tó pa gbogbo ẹ̀yà pọ̀ ló sì borí. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yà méjì ni ẹgbẹ́ méjì dúró fún, ọ̀rọ̀ a yí padà. IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife Áfíríkà ti àwọn olùgba-ife ní 1976, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó mú ife láti ilẹ̀ Áfíríkà wálé. Rangers ti Enugu, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 láti inú eérú ogun, gba á ní 1977. Ní 1977 yẹn, ìdíje ife náà kó àwọn méjèèjì pàdé, ìlú sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé ìfigagbága kejì lọ sí Kaduna, kí ó lè jìnnà sí ilé ẹgbẹ́ méjèèjì.

Àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni ti Côte d'Ivoire. Ní oṣù Kẹwàá 2005, lẹ́yìn tí wọ́n yege láti lọ ife àgbáyé, Didier Drogba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, wọ́n bẹ àwọn tó ń jagun kí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2007, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Madagascar ní Bouaké, ìlú tó jẹ́ ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ohun tó dára ni. Síbẹ̀, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn ìbò 2010. Ìdùnnú ọjọ́ kan kò lè ṣe iṣẹ́ tí ètò tó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ṣe.

Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ni èyí kàn jù. Láti ìgbà tí àwọn tí ogun lé kúrò ní Ọ̀yọ́ ilé ti wá tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ Ifẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìjà ti ń wáyé lórí ilẹ̀, lórí ìṣákọ́lẹ̀, àti lórí ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti 1981 le. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 lórí ibi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀ Ìlà-Oòrùn yóò wà le jù ú lọ. Kò rọlẹ̀ títí di 2000, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì sun àdúgbò jóná. Àwọn tí wọ́n bí nígbà náà ti di géńdé báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ìjà náà lójú, ìtàn rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́, olúkúlùkù láti ẹnu ará ilé tirẹ̀. Ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, yunifásítì kan náà ni wọ́n ń lọ, mọ́tò kan náà ni wọ́n ń wọ̀ láti Lágere. Pápá tí wọ́n ti jọ wọ jẹsí kan náà fún ọ̀pọ̀ oṣù ni kò sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi bọ́ọ̀lù wá àlàáfíà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé kí Ifẹ̀ kojú Modákẹ́kẹ́, kí ọba méjèèjì wá jókòó, kí wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀nà tó léwu jù nìyẹn. Ó pín ìlú sí méjì gẹ́gẹ́ bí ìjà ṣe pín in, ó sì fi ẹni kan sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Èjìgbò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé òrìṣà kan ni apá méjèèjì ń bọ, tí wọ́n sì gbà pé ìjà náà jẹ́ tiwọn pọ̀. Ìlú tí ìjà gidi ti pa ènìyàn níbẹ̀ nílò ètò mìíràn.

Ètò mìíràn náà wà, wọ́n sì ti dán an wò ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú ju ti Ifẹ̀ lọ. Ní ìhà àríwá Iraq, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé àwọn ISIS kúrò, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Salma Mousa ṣètò líìgì bọ́ọ̀lù fún àwọn Kristẹni tí ogun ti sọ di aláìnílé. Kèké ni wọ́n fi pín àwọn ẹgbẹ́: wọ́n fi Mùsùlùmí mélòó kan kún àwọn kan, wọ́n fi Kristẹni ẹlẹgbẹ́ wọn kún àwọn yòókù. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2020. Àwọn Kristẹni tó bá Mùsùlùmí gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ kan fi ìbò yan Mùsùlùmí láti inú ẹgbẹ́ mìíràn fún ẹ̀bùn ẹni tó mọ ìwà hù jù ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ alápapọ̀ ní sáà tó tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n ṣì ń bá Mùsùlùmí ṣe ìdánrawò. Níta pápá, nǹkan kò yí padà tó bẹ́ẹ̀: kò mú kí wọ́n máa lọ jẹun ní ilé oúnjẹ ní Mosul. Ìwádìí náà kọ́ni ní ohun méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́, inú ẹgbẹ́ kan náà ni ìfọkàntán ti ń hù, níbi tí olúkúlùkù ti nílò ẹsẹ̀ ẹnì kejì kí ó tó lè borí. Èkejì, bọ́ọ̀lù kò lè tún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ti ìṣákọ́lẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá ní kí ó ṣe é ń bèèrè omi lọ́wọ́ àpáta.

Líìgì tó yẹ Ifẹ̀, nígbà náà, kò ní jẹ́ ti Ifẹ̀ sí Modákẹ́kẹ́. Kò sì yẹ kí a fi orúkọ àdúgbò pe ẹgbẹ́: kò gbọdọ̀ sí ẹgbẹ́ Ìrèmọ, ẹgbẹ́ Ìlódè, ẹgbẹ́ Mọ̀ọ̀rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ Òkèrèwè. Kèké ni kí wọ́n fi pín àwọn ọmọ láti ilé ẹ̀kọ́ ìhà méjèèjì, kí kóòṣì méjì máa darí ẹgbẹ́ kan, ọ̀kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ìdánrawò máa wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún sáà kíkún. Ìfigagbága nìkan kò tó. Inú ìdánrawò ni ọmọ ti ń mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ra fún nílé náà ń rẹ̀, ó ń ṣàṣìṣe, ó sì ń pín omi. Owó mọ́tò ọmọ tó ń rékọjá láti ìhà kan sí èkejì gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí owó mọ́tò ló sábà máa ń pa irú ètò báyìí. Àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ létí pápá náà yẹ kí wọ́n ti ìhà méjèèjì wá.

Gbogbo èyí nílò ilẹ̀. Ní àwọn ìlú ńlá Yorùbá, pápá ilé ẹ̀kọ́ wà lára ilẹ̀ tó tètè ń di ilé ìtajà, nítorí pé ẹni tó ń kọjá rí i bí ilẹ̀ òfìfo. Bí pápá bá ti lọ, ọmọ kò dẹ́kun bọ́ọ̀lù. Ojú ọ̀nà ló gbé e lọ, ó fi òkúta méjì ṣe ojúlé, ó gbá mọ́ńkì pọ́ọ̀sì láàárín ọ̀kadà. Ẹni tó ní àyè nìkan ló kù tí ń gbá a lórí koríko. Pierre Bourdieu, onímọ̀ ará Faransé, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé eré tí ènìyàn ń ṣe sábà máa ń fi ipò bàbá rẹ̀ hàn, nítorí pé eré ń béèrè owó, àkókò àti àyè. Ní Ifẹ̀, a rí èyí kedere: tẹ́níìsì àti ìwẹ̀ nínú odò àgbékọ́ wà nínú ọgbà yunifásítì, tí ọmọ àdúgbò kò sì dé ibẹ̀.

Yunifásítì náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, tó sì kó wá sí orí ilẹ̀ Ifẹ̀ ní 1967, ní ọgbà eré ìdárayá tó tóbi ju èyíkéyìí mìíràn nínú ìlú. Orí ilẹ̀ tí àwọn ẹbí Ifẹ̀ ń dáko sí tẹ́lẹ̀ ló wà. Kì í ṣe ojú rere ni bí wọ́n bá ṣí apá kan rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú olùtọ́jú àti àkókò tó ṣe kedere; gbèsè àtijọ́ ni wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀. Ní ti pápá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà. Ìjọba lè fi ìwé àṣẹ kéde pápá kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ilé sí, kí wọ́n sì wọn ààlà rẹ̀. Wíwọn ilẹ̀ kò wọ́n tó kíkọ́ pápá tuntun.

Níbi tí pápá ti ń dín kù ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àti ilé tẹ́tẹ́ ti ń pọ̀ sí i. Ilé ìwòran ní ìlò tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó síbẹ̀ ń jiyàn bí àwọn tó wà nídìí ọpọ́n ayò ṣe ń jiyàn, wọ́n ń ṣọ̀rẹ́, wọ́n ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé. Ohun tó yẹ kí ó dunni ni pé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní "tiwa" wà ní London tàbí Manchester, tí wọn kò sì lè dárúkọ ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo. Tẹ́tẹ́ ni ìṣòro tó wúwo. Ó yí wíwo bọ́ọ̀lù padà: ẹni tó fi owó oúnjẹ lé ìwé tẹ́tẹ́ kò wo ẹwà eré mọ́, èsì nìkan ló ń dúró dè. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ lọ́tìrì kò sí lábẹ́ àṣẹ ilé aṣòfin àpapọ̀, àfi ní Àbújá nìkan, pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni ín. Àwọn aṣòfin Ọ̀ṣun ní agbára, nígbà náà, láti pinnu bí ilé tẹ́tẹ́ yóò ṣe jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ tó, láti béèrè ẹ̀rí ọjọ́ orí, àti láti fi òfin ya ìpín kan sọ́tọ̀ nínú owó orí tẹ́tẹ́ fún pápá àti líìgì àwọn ọmọdé. Bí eré ìdárayá bá ń mú owó wá fún ilé tẹ́tẹ́, ó tọ́ kí díẹ̀ padà síbi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ìtàn jìnnà sí ohun tí àwọn kan ń pè ní àṣà. Ní 1921, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dé obìnrin kúrò lórí pápá àwọn ẹgbẹ́ wọn, nígbà tí èrò tó ń wò wọ́n ti ń pọ̀ jù. Ọdún 1971 ni òfin náà tó kúrò nílẹ̀. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí. Ohun tó ń dá ọmọbìnrin dúró níbí ni àkókò: lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, òun ló ń pọn omi, òun ló ń kiri ọjà, òun ló ń gbé àbúrò pọ̀n. Ó ń ta tẹ́ń-tẹ́ń àti súwèé ní àkókò ìsinmi nílé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ka ìyẹn sí eré ìdárayá. Ìdí nìyí tí ìdánrawò ọmọbìnrin fi gbọ́dọ̀ bọ́ sí inú wákàtí ilé ẹ̀kọ́ gan-an, kí ó má baà di ohun tí yóò máa bá iṣẹ́ ilé du àkókò.

Ẹ̀rí ohun tó lè jáde níbẹ̀ pọ̀. Fálílàt Ògúnkọ̀yà láti Ìpínlẹ̀ Ògùn gba bàbà nínú eré irínwó mítà ní Atlanta ní 1996. Asisat Oshoala láti Ìkòròdú wà nínú ẹgbẹ́ Barcelona tó gba ife àwọn obìnrin Yúróòpù ní 2021. Ní oṣù Keje 2022, Tóbi Amúsàn, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde tó sì lọ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ń fo ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene, Amẹ́ríkà. Títí di ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú ayé kò tíì sá a yára tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje 2025, àwọn Super Falcons na Morocco 3 sí 2 ní Rabat, wọ́n gba ife Áfíríkà fún ìgbà kẹwàá. Òbí tó bá sọ pé eré kò yẹ obìnrin gbọ́dọ̀ ti wo gbogbo èyí, kí ó sì pa á tì.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a ta eré fún òbí bí àkàbà tó dájú lọ sí ọrọ̀. Hakeem Olajuwon kúrò ní Èkó lọ sí Houston ní 1980, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì gbá jù láyé. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ tó ga bí i tirẹ̀ kò kúrò ní àdúgbò wọn. Ọmọ tó bá pa ìwé tì nítorí ìlérí aṣojú agbábọ́ọ̀lù kan sábà máa ń padà sílé láì ní ìwé, láì ní bọ́ọ̀lù. Ọdẹ́gbàmí lọ Poli Ìbàdàn. Adokiye Amiesimaka, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ 1980, kàwé amòfin ní Yunifásítì Èkó. Ìran yẹn kò rí ìwé àti bọ́ọ̀lù bí ọ̀tá ara wọn, ètò ilé ẹ̀kọ́ ìgbà náà ló sì jẹ́ kó rọrùn fún wọn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun tún fi ojú mìíràn hàn. Giannis Antetokounmpo, tí wọ́n bí ní Athens ní 1994 fún àwọn òbí tó wá láti Nàìjíríà, kò rí ìwé ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì gbà títí di 2013, nígbà tó kù díẹ̀ kí ó lọ gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà. Bukayo Saka, agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bí ní London, jẹ́ ẹni ọ̀wọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Keje 2021 tí pẹnáráńtì rẹ̀ kò wọlé nínú àṣekágbá ife Yúróòpù. Kó tó di ọjọ́ kejì, èébú àwọ̀ ti kún ojú ìwé rẹ̀ lórí ayélujára. Eré lè fún ènìyàn ní ìlú. Àwọn tó fún un tún lè gbà á padà bí kò bá borí. Ìdí mìíràn nìyí tí líìgì Ifẹ̀ kò fi gbọdọ̀ fi ìtẹ́wọ́gbà ọmọ sórí góòlù tó jẹ.

Iṣẹ́ kálukú kò ṣòroó tọ́ka sí. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ni ìwé àṣẹ lórí pápá àti owó líìgì. Ti ilé aṣòfin ni òfin tẹ́tẹ́. Ti ààfin méjèèjì ni kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ alápapọ̀ tí yóò gbé kèké tí yóò sì gbọ́ ẹjọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ṣe ìyókù. Àwọn òbí ni yóò jẹ́ kí ọmọ lọ. Yunifásítì ni yóò ṣí ọgbà rẹ̀, ó sì tún ní ohun kan tí ẹlòmíràn kò ní: ẹ̀ka ìmọ̀ nípa àwùjọ àti ìṣẹ̀dá ènìyàn. Kí àwọn ọmọ tó wọ jẹsí àkọ́kọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka náà lọ bi wọ́n léèrè ta ni wọ́n lè yá lówó, ilé ta ni wọ́n lè sùn sí, ta ni wọ́n lè fẹ́, láìka ìhà tí onítọ̀hún ti wá sí. Bí sáà bá parí, kí wọ́n tún bèèrè ohun kan náà lọ́wọ́ wọn, àti lọ́wọ́ àwọn tí kò gbá bọ́ọ̀lù rárá, kí èsì rẹ̀ sì jáde ní gbangba, ì báà dára, ì báà má dára.